Ẹlẹ́rìí Inú Ìgò

Òkú tí wọ́n pè wá wá wò lọ́jọ́ náà kò tó àtàǹpàkò ọwọ́ mi, ó sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Inú ìgò kékeré kan ló wà, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀, ikùn lọ́tọ̀, òwú funfun bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n di òkú. Ìgò kékeré yìí wà nínú ìgò ńlá. Àtèyí tó tóbi àtèyí tó kéré, kò sí omi kankan nínú wọn.

Mo nawọ́ sí i. Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwádìí Ẹranko ké mọ́ mi.

"Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́! Ẹ má tilẹ̀ mí sí i."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Kò jọ pé ó tún lè kú ju báyìí lọ."

Àǹtí Kílódé fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òun ni ọ̀gá mi ní ẹ̀ka ìwádìí àwọn ọlọ́pàá nígbà náà. Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la sọ ọ́ ní Kílódé, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ jàgùdà, tí kò ní kọ́kọ́ bi pé, "Kí ló dé?" Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Á máa wo onítọ̀hún lójú títí yóò fi sọ èyí tó yẹ kó sọ àti èyí tí kò ní í lọ́kàn láti sọ. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ wá sí ìlú àjèjì tí mo ti darúgbó sí yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, mo ṣì ń gbóòórùn sípíríìtì inú yàrá yẹn, mo sì ṣì ń rí ìgò tó tò láti ilẹ̀ dé àjà, kòkòrò oríṣiríṣi nínú wọn tí wọ́n ń wo ènìyàn.

"Kí ló dé?" ni Àǹtí Kílódé bi Ọ̀gá Àgbà.

Ọ̀gá Àgbà nu ojú rẹ̀. Ó ní irú aláǹtakùn kan wà tí kì í ta okùn sí ara ògiri. Ilẹ̀ ló máa ń gbẹ́, á fi erùpẹ̀ àti òwú ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn sí ẹnu ihò náà, á wá lúgọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí kòkòrò kan bá ń kọjá, á ṣílẹ̀kùn, á fà á wọlé, á sì tún ti ilẹ̀kùn. Onílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti pín àwọn onílẹ̀kùn yìí sí agboolé agboolé, agboolé kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀.

"Màmá Aláǹtakùn, ọ̀jọ̀gbọ́n tó dàgbà jù lọ níbí, ló rí ọ̀kan láyé àtijọ́ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ó dá agboolé tuntun sílẹ̀ fún un, ó sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó wà nínú ìgò yìí ni ẹlẹ́rìí."

"Ẹlẹ́rìí báwo?"

"Òun ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ agboolé náà lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, òun náà gbọ́dọ̀ wá wò ó. Òun nìkan ṣoṣo la sì ní."

"Ta ló ń jiyàn?"

"Ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ pé kò sí agboolé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Òun ló gba ìgò yìí kẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ ń jókòó lọ́sàn-án yìí láti lé e lọ, a ó sì fà á lé yín lọ́wọ́. Kò ní sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á wọlé mọ́."

"Ẹ ti dájọ́ tán, ẹ wá ń wá ọlọ́pàá."

"Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ọlọ́pàá fọwọ́ sí i ni."

Àǹtí Kílódé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

*

A bá akẹ́kọ̀ọ́ náà nínú yàrá tóóró kan tí agolo erùpẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Mo fẹ́ jókòó lórí ọ̀kan.

"Ẹ má jókòó síbẹ̀, sà! Ènìyàn ń gbébẹ̀."

Mo wò ó dáadáa, mo rí ilẹ̀kùn róbótó kan láàárín erùpẹ̀ náà, kò ju bọ́tìnnì lọ. Mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló dé?" ni Àǹtí Kílódé bi í.

"Wọ́n ti sọ fún yín pé èmi ni."

Àǹtí dákẹ́.

"Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, mà. Mo ní ẹjọ́ lọ́rùn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé èmi ni màá tún lọ pa á?"

Àǹtí ṣì dákẹ́. Ọmọ náà gbé agolo kan sórí ìtan bí ẹni gbé ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Obìnrin wọn kì í jáde nílé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń dàgbà sí, ibẹ̀ ló ń kú sí. Ọkùnrin wọn ni, bó bá ti bàlágà, á fi ihò sílẹ̀, á máa wá ìyàwó kiri. Gbogbo ara rẹ̀ á wá yí padà. Ẹsẹ̀ á gùn, àwọ̀ á dúdú, ọwọ́ kékeré méjì tó wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ á wú bí ìbọ̀wọ́ àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Bí ẹ bá rí tọkọtaya, ẹ ò ní gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe, nígbà tó ń wá ìyàwó," ni mo wí. "Ìyá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀, ojú sì tún tì í pé ó rẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin ni Màmá rí, mà. Kò rí ìyàwó rẹ̀. Ẹlòmíràn ti rí ìyàwó náà tipẹ́, ó ti fún un lórúkọ. Bí wọ́n ṣe fi ọkọ sí agboolé kan nìyẹn, tí wọ́n fi ìyàwó sí òmíràn. Èmi wa obìnrin kan jáde nílẹ̀ tòun tilé rẹ̀, mo tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí ọkùnrin kan nínú wọn fi gbó. Mo wo tinú ìgò yẹn láti ìta, ó jọ tèmi. Kí n tó ṣí i, wọ́n pè mí sí kíláàsì. Mo dá a padà fún Bàbá Ìgò tó ń tọ́jú wọn, bí mo ṣe gbà á. Ìgbà tí mo padà wá gbà á, wọ́n ní ó ti gbẹ."

"Bó bá jẹ́ òótọ́ lo sọ, orúkọ èwo ló máa kù?"

"Èyí tó ṣáájú. Òfin wa nìyẹn. Orúkọ tí Màmá sọ ọ́ á parẹ́."

"Bí ẹlẹ́rìí bá sì ti bàjẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa lè fi ohunkóhun wé e mọ́. Orúkọ náà á wà bẹ́ẹ̀ títí ayé."

Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní, "Àǹtí, ọmọ yìí kò ṣe é. Òun ló pàdánù."

"Má yára. Bó bá wò ó tí kò jọ ńkọ́? Bó bá rí i pé iṣẹ́ tó fi gbogbo ọdún ṣe ti di òfo, tó wá bínú fọ́ ọ? Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe òmùgọ̀. Ìrísí rẹ̀ ni kò dùn mọ́ ẹ nínú."

Òótọ́ ni. Ìrísí rẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú.

*

Bàbá Ìgò ni olùtọ́jú yàrá àwọn ìgò náà, òun ló ń bu sípíríìtì kún àwọn ìgò kí ohun tó wà nínú wọn má bàa bàjẹ́. Kò jẹ́ kí Àǹtí parí ìbéèrè rẹ̀.

"Kí ló..."

"Díẹ̀ ni mo bù, Ọ̀gá!" Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Díẹ̀ péré! Orókún ìyàwó mi ni mo fi ń ra. Kò lè sùn, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ. Sípíríìtì wo lẹ bù?"

"Inú dírọ́ọ̀mù ni o. Mi ò jẹ́ fọwọ́ kan inú ìgò."

Mo fa Àǹtí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá ń jí sípíríìtì gbé, kò sí èyí tó tó láti fi kún ìgò, ìgò gbẹ, aláǹtakùn rún. Kò sí ọ̀tá, kò sí ọ̀tẹ̀, orókún ìyàwó ẹnì kan ló ń ro ó. Inú mi tilẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀ pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Kílódé gbé ìgò ńlá náà lọ sójú fèrèsé. Ó gbé òmíràn láti orí pẹpẹ, ó dì wọ́n mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Àbúrò, kí lo rí?"

"Ìgò méjì."

"O ṣeun. Wo inú wọn."

Nínú ìgò ti orí pẹpẹ, níbi tí sípíríìtì ti ń fà díẹ̀díẹ̀, àmì òróró pupa rẹ́súrẹ́sú ti yí ara gíláàsì ká, ọ̀kan lábẹ́ òmíràn, bí àpá tí omi máa ń fi sára kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ìgò tó wà lórí pẹpẹ ló ní in. Ti ẹlẹ́rìí wa kò ní rárá. Ó mọ́ bí ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Èyí kò fà," ni Àǹtí wí. "Ẹnì kan dà á nù lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá, ẹ máa lọ fi ara balẹ̀. Ta ló máa ń wọlé síbí?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá Àgbà, bó bá ní àlejò tó fẹ́ fi ibí hàn. Àti Màmá, tó máa ń wá kí i."

"Kí ta ni?"

"Aláǹtakùn náà ni." Bàbá Ìgò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ò mọ̀? Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ó kú ní kékeré."

*

Lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà, a da ìrúnrún náà sínú àwo gíláàsì, a fi í sábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àǹtí ní dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá Àgbà kọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà nígbẹ̀yìn nítorí Àǹtí kò ṣe ju pé ó ń wò ó lọ.

Àǹtí tú òwú inú ìgò náà. Ohun kan já bọ́ níbẹ̀, ìgò tín-ín-rín kan tí kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, ohun dúdú kan wà nínú rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni," ni ọmọ náà dáhùn. "Ọ̀kan nínú àwọn ìbọ̀wọ́ tí mo sọ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ sọ aláǹtakùn lórúkọ gbọ́dọ̀ gé ọwọ́ òsì ọkùnrin rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n ti àwọn onílẹ̀kùn jọra jù, ọwọ́ nìkan kò tó fi mọ̀ wọ́n."

"Ta ló gé ti eléyìí?"

"Màmá ni. Kò sí ẹlòmíràn tó jẹ́ fọwọ́ kàn án."

Àǹtí tẹjú mọ́ ẹ̀rọ awò náà. Ó fi abẹ́rẹ́ ti èyí síbí, ó ti ìyẹn sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

"Ọ̀gá Àgbà, ẹ bá mi ka ìbọ̀wọ́ tó wà nínú àwo yìí."

Ọ̀gá Àgbà wò ó. Ó tún un wò.

"Méjì."

"Àtèyí tó wà nínú ìgò tín-ín-rín. Aláǹtakùn yín lọ́wọ́ mẹ́ta, sà. Ẹni tó wà níbí kì í ṣe ẹlẹ́rìí yín."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fò sídìí ẹ̀rọ awò. "Irú tó kún etí ọgbà nìyí! Ìgbàkígbà lèèyàn lè rí i! Ẹ ò wò ó, sà?"

"Mi ò... ó ti rún tán. Mi ò rò pé..."

"Ẹ fẹ́ ba ayé ọmọ ènìyàn jẹ́," ni Àǹtí wí, "ẹ ò sì tíì wo nǹkan náà."

Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe ẹni tó máa ń pẹ́ nílẹ̀. "Ó dáa náà. Ta ló ń kó aláǹtakùn kiri nílé yìí? Òun náà ni! Òun ló pààrọ̀ rẹ̀!"

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì náà, ó sì gbé orí lé orúnkún.

Àǹtí fà mí jáde.

"Kí ló dé, àbúrò?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bi èmi fúnra mi.

"Mi ò mọ̀, Àǹtí."

"Ẹni tó fẹ́ kí ẹlẹ́rìí kú, kí ló dé tí kò pa á? Ó kàn lè dà á sínú kòtò, kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kí ló dé tó ṣe wàhálà wá òmíràn, tó jẹ́ kó gbẹ, tó fi rọ́pò? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bínú sí i, á fọ́ ọ. Bí Bàbá Ìgò bá bà á jẹ́, á sin ín. Ọ̀gá Àgbà? Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú. Ẹni tó ṣe èyí fẹ́ kí aráyé gbà pé ó ti kú, ṣùgbọ́n kò lè pa á. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ràn aláǹtakùn yẹn nínú ilé yìí."

*

Ilé Màmá Aláǹtakùn kò jìnnà. Kí a tó kan ilẹ̀kùn ló ti ṣí i, obìnrin tín-ín-rín tí irun rẹ̀ ti funfun tán.

"Ẹ wọlé. Ẹsẹ̀ yín wúwo, mo ti gbọ́ ọ láti ìkóríta."

A jókòó.

"Kí ló dé, Mà?" ni Àǹtí bi í.

Màmá rẹ́rìn-ín gbígbẹ. "Mo ti gbọ́ nípa tìẹ. Wọ́n ní o máa ń dákẹ́ títí ènìyàn á fi jẹ́wọ́. Ilé tí kò sí ohùn ọmọ ni mo ti ń gbé kí wọ́n tó bí ẹ. Ó yá, jẹ́ ká jọ dákẹ́."

Wọ́n jọ dákẹ́. Mo ń wo ògiri, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti mọ Àǹtí Kílódé, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mà, ẹ gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sínú òwú."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ti aláǹtakùn. Èyí tí ẹ gé."

"Mi ò gé e."

"Ẹ gé e, Mà."

Màmá dìde. Ó wọ yàrá kan, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ìgò kékeré kan tó dì mọ́ àyà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó rí i pé ọwọ́ òsì kò sí níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

"Mo gé e lóòótọ́," ló wí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó, odindi ni mo máa ń rí i. Inú omi ìwẹ̀ ọmọ mi ló já bọ́ sí. Ó fi ife bù ú wá fún mi. 'Màmá, ẹ wò ó, ó wọ ìbọ̀wọ́.' Ọdún yẹn kò parí tí ibà fi mú un lọ."

"Ẹ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ lé?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé òótọ́ ló sọ?"

"Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó gbọ́n jù mí lọ." Ohùn rẹ̀ le. "Ọ̀dọ́ ni. Á rí ibòmíràn lọ. Orúkọ yẹn nìkan ni ọmọ tèmi ní láyé yìí. Kò ní sàréè tó dáa, kò ní ọmọ, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ bí kò ṣe èmi. Bí mo bá kú, àwọn tí ń ka ìwé nípa aláǹtakùn á ṣì máa pè é."

"Wọn kò ní gbà á níbòmíràn, Mà. Ẹ sì mọ̀. Òun náà ní ìyá."

Màmá wò ó lójú. "Ìwọ bímọ bí?"

"Rárá, Mà."

"Mo mọ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni gbá ènìyàn létí. Ọ̀gá mi dìde.

"Ìgbìmọ̀ ti ń jókòó. Mi ò ní fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ gbé e dání."

*

Wọ́n ń ka ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́wọ́ nígbà tí Màmá wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìgò náà síwájú ọmọ náà.

"Èmi ni mo gbé e. Ó yá, wò ó."

Ọmọ náà gbé ọkùnrin tí òun tọ́ àti ti Màmá sábẹ́ ẹ̀rọ awò, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ó wo èyí, ó wo ìyẹn. Nígbà tó gbójú sókè, omi ló kún un.

"Mà..."

"Sọ ọ́ sókè, kí wọ́n gbọ́."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ àwọn kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ńlá nìyí, iṣẹ́ tó máa gbé orúkọ ilé náà ga. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Bàbá Ìgò pé kó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àwọn ìgò lọ́wọ́ Màmá. Bàbá Ìgò lọ, ó na ọwọ́, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Mà, mo lè jẹ́ kí orúkọ náà wà bẹ́ẹ̀," ni ọmọ náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa béèrè."

"Kí o fi àánú ṣe é fún mi? Kí wọ́n máa fi irọ́ pe ọmọ mi?" Màmá ti bébà síwájú rẹ̀. "Kọ ọ́."

Ọmọ náà kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan pé orúkọ náà kò sí ní lílò mọ́. Bàbá Ìgò ká a, ó fi í sínú ìgò aláǹtakùn náà, ó da sípíríìtì kún un, ó sì dé e.

Gbogbo wa ti dìde láti máa lọ. Àga ń dún, wọ́n ń kó ìwé. Màmá nìkan ló dúró lójú kan, ó kọjú sí ìgò náà. Lójijì ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, ketekete, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta pé kó wá wọlé.

Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ.